Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Kì Í Pa Arọ

Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, iyàn ọkọ̀ ogun Ṣáínà ni wọ́n ń jà. Ọ̀gbẹ́ni kan ní, "Ọjà Ṣáínà! Kó tó dé àárín òkun, ó ti bàjẹ́." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Á ti wọ́ dé inú igbó kí ogun tó wọ̀lú. Ẹni tó wá gbọ́, tó ní irọ́ ni ńkọ́?

Ní 1940, aṣojú ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní Tókíò ránṣẹ́ sílé pé Jàpáànù ti ní tòpídò, àdó olóró tó ń sáré lábẹ́ omi, tó ń lo ọ́síjìn, tó sì ń lọ jìnnà. Àwọn ọ̀gá ohun ìjà ní Washington ní kò ṣeé ṣe: Gẹ̀ẹ́sì dán an wò, kò bọ́ sí i, ta wá ni Jàpáànù? Bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní irọ́ yìí ń sáré tete dé kìlómítà 20. Ti Amẹ́ríkà, bó bá sáré tete, kò dé 6.

Jàpáànù fi ọkọ̀ ogun ńlá wọn, Yamato, pamọ́ ní èbúté Kure lóòótọ́, wọ́n sì ń pe ìbọn rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 46 ní 40. Ẹni tí ìyẹn tàn jẹ, mo forí jì í. Ṣùgbọ́n ti tòpídò, wọ́n ti sọ fún Amẹ́ríkà!

Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1942, nínú Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́bàá Guadalcanal, erékùṣù kan ní òkun Pàsífíìkì, àwọn ọkọ̀ kéékèèké Jàpáànù fi tòpídò gún ọkọ̀ ogun ńlá Amẹ́ríkà mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn, Northampton, rì. Imú òmíràn, New Orleans, já, ó léfòó, ó ń ha ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ti já kúrò lára rẹ̀ bó ṣe ń kọjá lọ sẹ́yìn. Nǹkan bí 400 ènìyàn ló kú. Ọ̀gágun Amẹ́ríkà níbẹ̀, Wright, ṣì kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé kò jọ pé àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn ló ṣe é, torí tòpídò tó bá dà bíi ti Amẹ́ríkà kò lè dé ibẹ̀. Òkú ṣì wà nínú omi, ó ń fi òṣùwọ̀n ilé rẹ̀ wọn ọ̀tá!

Ẹni tó bá mú ìròyìn wá, ẹ bi í bó ṣe mọ̀. Ẹ má fi yẹ̀yẹ́ dá a lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lórí àga onígbàjámọ̀, ta nínú yín ló ti béèrè iye ọkọ̀ ogun tí Ṣáínà ń kàn lọ́dún kan kó tó lanu?