Èsì wa sí Mọ́mì wa ní Àgùdà lórí páìpù omi gbígbóná

Mọ́mì, ẹ kú ilé o. A rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ fún iṣẹ́ pulọ́ńbà wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, a rí ohun tí ẹ kọ sí i. A dúpẹ́ pé ẹ gbà wá láyè láti ṣiṣẹ́ nílé yín, àwọn ọmọ wa ò sì gbàgbé àmàlà ọjọ́ Ajé yẹn.

Ẹ ní a pẹ́ dé. Ẹ ní a fọ́ ilé yín, pé ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ì bá fi wákàtí méjì ṣe, àti pé omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn ọjọ́ 9. Ẹ tún ní ọmọ yín tó wà ní Manchester sọ pé oògùn ni wọ́n ń dà sínú páìpù lọ́dọ̀ tiwọn, wọn kì í fọ́ táìlì ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò ka ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó pè wá síṣẹ́. Nítorí tiwọn ni mo ṣe gbé ìwé iṣẹ́ wa síwájú, kí n lè sọ ọ́ bó ṣe rí.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ pa hítà yín báyìí. Ẹ yọ iná rẹ̀ lára ògiri pátápátá. Màá sọ ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pa á ná.

Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, aago 8 la fi àdéhùn sí. Aago 9 kọjá ogún ìṣẹ́jú la dé. Òjò tó rọ̀ mọ́jú ti sọ títì di odò, mọ́tò wa ò lè kọjá. Aago 7:40 ni mo ti pè yín, ẹ sì ní ká rọra máa bọ̀. Ìpè yẹn ṣì wà lórí fóònù mi.

Ẹ rántí pé ẹ ò pè wá nítorí páìpù. Yúníìtì iná lẹ ń ké lé lórí. Ẹ ní ₦20,000 tó máa ń gbé yín tó ogúnjọ́ ò lò ju ọjọ́ 9 lọ mọ́, pé àwọn oníná ti wá wo mítà, wọ́n ní kò lárùn. Ìsàlẹ̀ ògiri kọ́rídọ̀ ń tutù, ẹ rò pé òjò ni. Èèyàn méjì ti wá síbẹ̀ ṣáájú wa. Ọ̀kan kun ògiri náà lọ́dà, èkejì ní kí ẹ lọ ra hítà tuntun. Kò sí èyí tí ẹ kọ nípa rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Ọ̀gá àgbà tó dàgbà jù nínú wa ló wá, ẹni tó ti ń ṣe pulọ́ńbà láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ ilé ní Sùúrùlérè ṣì ń gba omi Ìjù nínú páìpù irin. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì tẹ̀ lé e. Wọn ò mú òòlù wọlé lọ́jọ́ náà. Mo tún un sọ: wọn ò mú òòlù wọlé. Wọ́n fa omi kún táńkì òkè dé ẹnu, wọ́n pa súmó tó ń fa omi, wọ́n ti gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé, wọ́n wá ki igi bọ táńkì, wọ́n fi máákà sàmì sí ibi tí omi dé lára igi náà. Lẹ́yìn wákàtí 2, omi ti fà sílẹ̀ ní ìbú ìka kan, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bu omi. Wọ́n ti fáàfù tó ń gbé omi tútù wọ inú hítà, wọ́n tún fi wákàtí 2 wò ó. Omi ò kúrò lójú kan.

Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé òjò kọ́, omi tútù kọ́. Ọ̀nà omi gbígbóná ló ń jò. Ìdáhùn ọ̀rọ̀ yúníìtì náà nìyẹn, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ fún yín lórí àga ní pálọ̀ yín: omi tí hítà ti mú gbóná tán ń wọlẹ̀ lọ, omi tútù ń wọlé rọ́pò rẹ̀, hítà ò rí ìsinmi tọ̀sán tòru. Iyẹ̀pẹ̀ ló ń mu owó iná yín.

Hítà kan ló ń pín omi gbígbóná fún ilé ìdáná àti balùwẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ń dí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi pọ́ǹpù ọwọ́ ti omi sínú rẹ̀ títí géèjì fi dé 6 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń ti páìpù). Ti ilé ìdáná dúró. Ti balùwẹ̀ iwájú dúró. Ti ẹ̀yìn já sí 2 kí ìṣẹ́jú 10 tó pé. Kọ́rídọ̀ tó lọ sí ẹ̀yìn yẹn gùn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kó ṣísù jáde, tí wọ́n á máa fọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá wa ní kí ẹ tan hítà, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ táìlì náà lọ díẹ̀díẹ̀. Ó dúró níbì kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ pariwo pé ibẹ̀ ni ológbò yín máa ń sùn sí láti bí oṣù mẹ́ta, pé bí ẹ bá lé e, á tún padà síbẹ̀. Ó ní kí ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Táìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tutù.

Ọjọ́ kìíní nìyẹn, kò sì tíì sí ohun tó fọ́. Wákàtí méjì tí ẹ ń sọ, ẹni tó fẹ́ fọ́ ilé ló ń lò ó, ẹni tó fẹ́ wá ibi tó ń jò kì í lò ó.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 16, a gé táìlì. Ẹ kọ pé ó tó mọ́kànlá. Mẹ́rin ni, fọ́tò rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa àti lọ́wọ́ yín. Ohun tí a bá lábẹ́ rẹ̀ ṣì ń dùn mí. Ẹni tó bá yín fa balùwẹ̀ ẹ̀yìn lọ́dún 2019 já páìpù PPR (páìpù oníke tí wọ́n ń fi iná jó pọ̀) lójú ọ̀nà, ó fi élíbò, ìyẹn ìgbọnwọ́ páìpù, PVC (oríṣi oníke mìíràn) tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ so ó, lójú ọ̀nà omi gbígbóná! Omi tútù ni wọ́n ṣe irú PVC bẹ́ẹ̀ fún. Bí omi tó ń gba inú rẹ̀ bá ti ń ju 60 degree lọ lójoojúmọ́, á rọ̀, á wọ́, á sì ya. Ibi tó ya lára tiyín ò gùn ju èékánná lọ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wa gbé e lé yín lọ́wọ́, ẹ ní kó jù ú nù. A ò jù ú nù, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè wá wò ó.

A yọ gbogbo PVC tó wà níbẹ̀, a fi PPR onílà pupa rọ́pò rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún omi gbígbóná. A kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ irú yẹn, iná ni wọ́n fi ń jó o pọ̀. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ gbóná dé 260 degree, páìpù 25 mm á wà lẹ́nu rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 7, kí wọ́n tó tì í bọ inú élíbò. Bí ó bá pẹ́ jù, ihò páìpù á dí. Bí kò bá pẹ́ tó, kò ní lẹ̀ dáadáa.

Ẹ bínú pé a fi ihò sílẹ̀ fún òru méjì. Èmi ni mo ní kí wọ́n má dí i. Páìpù tí kò jò nígbà tó tutù lè jò nígbà tó bá gbóná, mo sì fẹ́ kí ẹ lo omi bí ẹ ṣe ń lò ó, kí hítà gbóná kó tún tutù, kí a tó da sìmẹ́ǹtì lé e. Ọjọ́rú, ọjọ́ 18, a tún fi 6 bar dán an wò. Géèjì ò mira fún wákàtí 2, ẹ sì fi fóònù yín yà á. Bíríkìlà wá dí i níṣojú yín.

Ibì kan wà tí ẹ ti jàre wa. Ó yẹ ká sọ fún yín kí a tó gé e pé táìlì yẹn ti ń wọ́n. Ìgbà tí a dé ọjà Coker la rí i pé kò sí irú rẹ̀ mọ́, a ra èyí tó sún mọ́ ọn, kò sì bá a dọ́gba. A jẹ̀bi ìyẹn.

Ní ti Manchester, ọmọ yín ò parọ́, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló ń sọ. Nítorí òtútù, wọ́n máa ń gbé páìpù yí ilé po níbẹ̀. Bọ́ílà, ìyẹn hítà tiwọn, á mú omi gbóná, omi náà á gba inú rédíétọ̀ ara ògiri tó ń mú yàrá móoru kọjá, á sì padà sínú bọ́ílà. Omi kan náà ló ń yí, wọn kì í mu ún, wọn kì í fi wẹ̀. Bí ilé bá tutù, géèjì bọ́ílà wọn sábà máa ń wà láàárín 1 sí 1.5 bar. Tí ó bá ń já wálẹ̀ ṣáá, wọ́n mọ̀ pé ó ń jò níbì kan, bí jíjò náà bá sì kéré, wọ́n lè da oògùn tó ń dí ihò sínú omi yẹn. Omi tiyín ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Òun lẹ fi ń wẹ ọmọ-ọmọ yín. Oògùn wo ni kí n dà sí i? Bí páìpù bá sì ya lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ náà, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣí.

Ó ku ti ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 27, tí ẹ pè pé omi tún ń jò. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wa dé ọ̀dọ̀ yín ní Sátidé kejì rẹ̀. Kọ́rídọ̀ gbẹ. Omi bíi ife kan ló ń kán láàárọ̀ láti ẹnu fáàfù kékeré abẹ́ hítà. Iṣẹ́ fáàfù yẹn nìyẹn, Mọ́mì. Bí omi bá gbóná, ó máa ń pọ̀ sí i. Nínú hítà onílítà 50 bíi tiyín, ó lè fi bíi lítà kan lé. Fáàfù náà kì í jẹ́ kí omi padà sí táńkì òkè, torí náà òun ló gbọ́dọ̀ tú èyí tó lé jáde. Ìdí tí ẹ ò fi rí i tẹ́lẹ̀ ni pé ibi tó ya lábẹ́ ilẹ̀ ni omi tó lé náà ń gbà jáde. Nígbà tí a dí ìyẹn, fáàfù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ wa ṣàlàyé, ẹ ní ó ń gbèjà ọ̀gá rẹ̀.

Fọ́tò kẹta tí ẹ fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ yín ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹnì kan ti fi plọ́ọ̀gì irin dí ẹnu fáàfù náà, ó fi tépù funfun wé e. Ẹ ò sọ ẹni tó ṣe é, n ò sì bèèrè. Bí tẹ́mọ́sítáàtì hítà yẹn bá kọ̀ láti pa iná, omi á máa hó, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Táńkì irin inú hítà lè bẹ́ mọ́ ilé lórí. Balùwẹ̀ tí ẹ ti ń wẹ ọmọ ló wà.

Lọ́la, aago 7:30, ọ̀gá wa yóò wà lẹ́nu géètì yín. A ó yọ plọ́ọ̀gì yẹn, a ó fi fáàfù tuntun síbẹ̀, a ó sì fa páìpù tíń-tín láti ẹnu rẹ̀ lọ sí ojú ihò omi ìdọ̀tí kí ó má baà kán sílẹ̀ mọ́. Kọ́bọ̀ kan ẹ ò ní san. Bí ẹ bá fẹ́ kí táìlì kọ́rídọ̀ dọ́gba, ẹ yan èyí tó wù yín, a ó san ìdajì owó rẹ̀, a ó sì tẹ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ọdún kan gbáko, bí omi bá kán níbi tí ọwọ́ wa dé lábẹ́ ilẹ̀ yẹn, a ó dá gbogbo owó yín padà.

Ẹ fi ìràwọ̀ kan náà sílẹ̀ bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n nínú ₦185,000 tí a jọ fẹnu kò sí, ₦40,000 ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ní ká jẹ́ kí oṣù parí. Oṣù ti parí.