Gbèsè Eruku Wúrà

Eruku tó ń pa awakùsà kọ́ ni èyí tó ń bà á lára funfun. Ìyẹn, imú á gbà á mú, ikọ́ á sì gbé e jáde. Èyí tí ojú kò lè rí ló ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jókòó. Ọdún 10, ọdún 20 lè kọjá, ọkùnrin náà á ti fi ihò wúrà Witwatersrand ní Gúúsù Áfíríkà sílẹ̀, á ti padà sílé ní Lesotho tàbí Mòsáḿbíìkì, kó tó rí i pé òkè kékeré ẹ̀yìnkùlé tóun ń sáré gùn lọ́mọdé ti di ohun tóun gbọ́dọ̀ dúró mí lẹ́ẹ̀mẹta kóun tó gùn tán. Silicosis ni wọ́n ń pe àrùn náà. Kò gbóògùn.

Ní 2018, ilé-iṣẹ́ awakùsà wúrà 6 tọwọ́ bọ àdéhùn láti san nǹkan bíi bílíọ̀nù 5 owó ránńdì gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú. Ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí i ní 2019, wọ́n sì dá àjọ Tshiamiso sílẹ̀ láti pín in. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣiṣẹ́ láti oṣù kẹta ọdún 1965 síwájú nìkan ni àdéhùn náà mọ̀. Ẹni tó ti jẹ eruku tirẹ̀ yó ṣáájú ìgbà yẹn, àtòun àtìyàwó àtọmọ, kò sí nínú ìwé. A kò fara mọ́ ọn.

Ẹnikẹ́ni má sọ pé wọn kò mọ̀ láyé ọjọ́un. Láti 1912 ni Gúúsù Áfíríkà ti ní òfin lórí àrùn yìí. Òyìnbó tó bá kọ lù ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Aláwọ̀ dúdú, owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó di ilé.

Kì í sì í ṣe ìfẹ́ inú ló ń gbé ọmọlọ́mọ wọ ihò. Ìjọba gbówó orí lé ahéré. Òfin ilẹ̀ ọdún 1913 sì fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Oko wo ló kù tí wọn ó dá? Àwọn ilé-iṣẹ́ náà pawọ́ pọ̀ dá Wenela sílẹ̀, tó ń kó òṣìṣẹ́ wá láti ìlú òkèèrè, kí ọ̀kan má baà fowó tó jọjú fa òṣìṣẹ́ èkejì. Bẹ́ẹ̀ ló rí tó fi jẹ́ pé ohun tí owó iṣẹ́ awakùsà dúdú lè rà lọ́jà ní 1969 kò ju ti 1911 lọ. Nígbà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1946, ṣílè 10 lójúmọ́ ni wọ́n bèèrè. Ọlọ́pàá ló dá wọn lóhùn. Ó kéré tán, ènìyàn 9 kú.

A mọ ohun tí agbẹjọ́rò wọn máa sọ: pé àwọn ọ̀gá òní kọ́ ló hùwà náà. Nílẹ̀ wa, bí baba bá kú tó fi gbèsè sílẹ̀, ọmọ tó bá jókòó pín ogún ni olówó ń wá wá. Ihò tí àwọn òkú wọ̀nyí gbẹ́ wà lára ogún tí àwọn ilé-iṣẹ́ yìí jẹ. Anglo American tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1917 ṣì ń jẹ́ Anglo American nígbà tó tọwọ́ bọ àdéhùn náà. Awakùsà ló kú. Ilé-iṣẹ́ kò kú.

Nítorí náà, kí wọ́n yọ 1965 kúrò nínú àdéhùn. Kí wọ́n má sì jókòó sí ọ́fíìsì máa retí opó arúgbó kó mú ìwé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wá. Wenela àti àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kó òṣìṣẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà àti Lesotho kọ orúkọ àwọn tí wọ́n kó sílẹ̀. Kí wọ́n gbé orúkọ náà lọ sí Inhambane ní Mòsáḿbíìkì, sí Lesotho, sí Transkei ní Gúúsù Áfíríkà, kí wọ́n pè é sókè létí ará abúlé, kí ẹni tó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ dáhùn, kó sì gba owó bàbá rẹ̀.