Ṣéńjì Ọ̀kadà

(Ìsọ̀ ọ̀kadà kan lẹ́bàá ọjà Àtakúnmọ́sà, Iléṣà. Kúnlé ń tẹ fóònù. Bàbá wọlé, òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ àwìn tí í lóṣòó ti onígbèsè títí yóò fi san owó, tó ní òun ti fẹ̀yìn tì. Ẹ má gbà á gbọ́.)

KÚNLÉ: Ẹ káàárọ̀ sà.

BÀBÁ: Káàárọ̀, Kúnlé. Ọmọ-ọmọ mi fi ọjà rẹ hàn mí lórí Facebook. (Ó na ₦10 sí i.) Gba owó ọ̀kadà. Fún mi ní ṣéńjì náírà kan ààbọ̀.

KÚNLÉ: (ó gbà á, ẹnu ń yà á) Ṣéńjì kí ni, sà?

BÀBÁ: Ṣebí 850K lo kọ. Kọ́bọ̀ 850, náírà mẹ́jọ ààbọ̀ nìyẹn. Ojú mi ni náírà àti kọ́bọ̀ ṣe dé ní 1973. K la fi ń kọ kọ́bọ̀.

KÚNLÉ: Háà! Ẹgbẹ̀rún ni K yìí, Bàbá. Kílò ìrẹsì kan, gíráàmù mélòó ni?

BÀBÁ: Ẹgbẹ̀rún kan.

KÚNLÉ: K inú kílò náà nìyẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ló ti wá.

BÀBÁ: (lójú ẹsẹ̀) Ọ̀kẹ́ méjìlélógójì ààbọ̀! Ṣé ọ̀kadà yìí ń fò ni?

KÚNLÉ: (ó ń wá ẹ̀rọ ìṣírò lórí fóònù) Ẹ ní... mélòó?

BÀBÁ: Ogún ẹgbẹ̀rún ni ọ̀kẹ́ kan. Máa tẹ̀ ẹ́, mo ń dúró.

KÚNLÉ: (ó tẹ̀ ẹ́ tán, ó mí kanlẹ̀) Ẹ dúpẹ́ pé kì í ṣe M. Mílíọ̀nù nìyẹn.

BÀBÁ: Àádọ́ta ọ̀kẹ́.

KÚNLÉ: Àwọn oníbáńkì mìíràn tilẹ̀ ń kọ ọ́ ní MM. Ẹgbẹ̀rún ni M àwọn ará Róòmù. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, mílíọ̀nù kan.

BÀBÁ: Irọ́ ńlá! MM wà lára òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọdún 2000 la fi í lélẹ̀.

KÚNLÉ: Àwọn ará Róòmù ń rò ó pọ̀ ni. Àwọn oníbáńkì ń sọ ọ́ di púpọ̀.

BÀBÁ: Ìyẹn dájú. B ńkọ́?

KÚNLÉ: Bílíọ̀nù. Ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù.

BÀBÁ: Mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni àwọn Òyìnbó Ìlú Ọba kọ́ wa.

KÚNLÉ: Ìjọba wọn ti yí i padà ní 1974, sà.

BÀBÁ: Wọn ò ránṣẹ́ sí mi. (Ó yọ ìwé gbèsè látinú àpò.) Ó kan lẹ́tà tèmi. Aṣọ ìgbéyàwó rẹ: kí ló wà níwájú orúkọ rẹ?

KÚNLÉ: Ogún. Mo ti san án! Mo fi 20K ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá.

BÀBÁ: Wò ó dáadáa. Òdo wo ló ní àmì lábẹ́?

KÚNLÉ: Mo rò pé yíǹkì ló kán síbẹ̀.

BÀBÁ: 2Ọ nìyẹn. Ọ̀kẹ́ méjì. Ó ku ọ̀kan.

KÚNLÉ: Ta ló ń fi Ọ kọ owó?

BÀBÁ: Ta ló ń fi K kọ ọ́? (Ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà gbọnin.)

KÚNLÉ: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn oníbàárà ń bọ̀!

BÀBÁ: Kí wọ́n máa gba orí mi kọjá. Náírà mẹ́wàá tí mo fún ọ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Fi kún un.