Ṣé àwọn tí wọ́n wó ilé wọn ló ń kó olè wá bá wa?

Owó ọdẹ la tìtorí ẹ̀ ṣe ìpàdé onílé wa ní Kubwa, l'Abuja, àfi bí ẹ̀gbọ́n wa kan ṣe dìde: "Ẹ wò ó, látìgbà tí wọ́n ti wó ilé àwọn èèyàn yẹn lolè ti kún ibí." Gbogbo ilé ní "bẹ́ẹ̀ ni o!" Mi ò lè já àgbà nírọ́ láwùjọ, ni mo bá dákẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ níbí.

Ká ní olè jẹ́ ẹrù táwọn tí wọ́n lé ń rù kiri ni, Chicago ní Amẹ́ríkà là bá ti rí i. Ilé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Robert Taylor Homes jẹ́ 28, alájà 16 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún 1962 ni wọ́n kọ́ ọ tán, ó sì di 2007 kí èyí tó kẹ́yìn tó wó lulẹ̀. Ìjọba bá ọ̀pọ̀ ayálégbé san lára owó ilé tuntun, wọ́n sì fọ́n ká. Nígbà táwọn olùwádìí wo ìwé ọlọ́pàá, ìwà ipá ti dínkù gan-an nítòsí ibi tí wọ́n wó. Níbi tí ìdílé díẹ̀ kó lọ, kò sí ìyàtọ̀. Ibi tí wọ́n pọ̀ sí nìkan ni ìwà ọ̀daràn ò ti dínkù tó bó ṣe yẹ (mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́). Ní àpapọ̀ ìlú, ìwà ọ̀daràn sì fi díẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ilé gan-an ni ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta oògùn olóró: àtẹ̀gùn òkùnkùn, ẹgbẹ́ ọmọ ìta tó gba ẹnu ọ̀nà, oníbàárà tó mọ ibi tí yóò yà sí. Bó ṣe wó, ọjà tú. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó kó jáde kì í ṣe ọjà.

Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí pe katakata o! Àwọn tí wọ́n wó ilé wọn ní Idu Karmo àti Chika l'Abuja wa níbí láàárín 2003 sí 2007, ilé àti ṣọ́ọ̀bù alákàrà òun wẹ́dà ló lọ. Ta ló bá wọn san owó ilé? Àwọn one-chance tá à ń bẹ̀rù ńkọ́? Mọ́tò àti èrò tó dá dúró lálẹ́ ni wọ́n nílò.

Jẹnẹrétọ̀ méjì ni wọ́n jí lóṣù yẹn, lójú títì tí kò níná. Owó oṣù mẹ́ta la jẹ ọdẹ wa. Títí ìpàdé fi tú, a ò padà sórí ọ̀rọ̀ owó rẹ̀.