Ṣé ká ní kí àwọn ogúnléndé Kamẹrúùnù máa lọ ilé wọn?

Baba Sọlá: Ẹ̀yin èèyàn mi, láti 2017 tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ lápá ibi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Kamẹrúùnù ni wọ́n ti ń sá wọ Cross River, Benue àti Taraba. Àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé ní Borno, ọmọ tiwa, ṣì wà nínú àgọ́. Kí ló dé tí ìjọba ò ní kí àwọn ará Kamẹrúùnù máa lọ? Mi ò kórìíra ẹnikẹ́ni o, ọ̀rọ̀ owó ni mò ń sọ.

Lọ́yà Àdùkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ìjọba ò lè lé wọn torí òfin ò gbà á. Òfin 1989 tó dá Kọmíṣọ̀n tó ń rí sọ́rọ̀ àwọn ogúnléndé sílẹ̀, abala àkọ́kọ́ pàá ló ti là á pé a ò gbọdọ̀ dá ogúnléndé padà síbi tí ẹ̀mí ẹ̀ tàbí òmìnira ẹ̀ ti wà nínú ewu. A tún wà nínú àdéhùn Geneva lórí ogúnléndé ti 1951 àti ti OAU, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, ti 1969, ti OAU yẹn ló tiẹ̀ gbòòrò jù, kò dìgbà tí wọ́n bá ń wá ìwọ nìkan pa, tí ogun bá ti da ìlú ẹ rú tó o sá jáde, ó ti tó.

Kọ́lá Mushin: Àǹtí Lọ́yà, òfin wo? Jánúárì 2018 ńkọ́? Wọ́n mú Sisiku Ayuk Tabe, olórí àwọn tó fẹ́ ya apá Gẹ̀ẹ́sì kúrò lára Kamẹrúùnù, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì l'Ábújá, oṣù yẹn ò tíì parí tí wọ́n ti kó èèyàn 47 lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń tọrọ ààbò wà nínú wọn. Oṣù kẹta 2019 ni ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ sọ pé kò bófin mu rárá. Ẹjọ́ tán, kí ló ṣẹlẹ̀? Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún yẹn kan náà ni kóòtù ológun ní Yaoundé rán Ayuk Tabe àti èèyàn 9 míì lẹ́wọ̀n gbére. Ó dùn mí títí dòní.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹni tí wọ́n bá lé rí ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìjọba Busia lé wa ní Gánà ní 1969, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún àwọn òbí wa láti fi palẹ̀ mọ́, ṣọ́ọ̀bù, ilé, gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ wọ́n, gbogbo ẹ̀ ló gbé síbẹ̀.

Lọ́yà Àdùkẹ́: Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Àmọ́ ọ̀tọ̀ lòfin tìyẹn, wọ́n ní àwọn tiyín ò ní ìwé ìgbélùú ni. Ogúnléndé ní tiẹ̀, bó ò ní ìwé kankan lọ́wọ́, a ò lè torí ẹ̀ dá ẹ padà sínú ogun.

Ìyá Ìbejì Orù: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, torí Orù-Ìjẹ̀bú ni mo dàgbà sí, àgọ́ àwọn ará Làìbéríà àti Sàró wà níbẹ̀ láti 1990 títí di 2012, ìyá kan máa ń wá já ewé ẹ̀gẹ́ lóko bàbá mi, á gún un lódó, á fi se ọbẹ̀, àwa tá ò jẹ ewé ẹ̀gẹ́ rí la wá ń dúró de tiẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìwé ogúnléndé tí wọ́n fún un, inú ọ̀rá ló máa ń dì í sí, tó bá ti ń lọ Ìjẹ̀bú-Òde àwọn tó ń dá mọ́tò dúró lójú títì á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á ní àwọn ò mọ irú ìwé yìí, kó sanwó. Ìwé ìjọba o! Ibi tí ààbò yẹn ti ń jò nìyẹn.

Lọ́yà Àdùkẹ́: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an. Àwọn tó fẹ́ dúró ní Orù ríbi gbà, 2007 ni Nàìjíríà bá Làìbéríà, Sàró àti ECOWAS tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n gba páásípọ́ọ̀tù ìlú wọn, wọ́n gba ìwé ìgbélùú, wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn lọ. Kamẹrúùnù ò sí nínú ECOWAS, ọ̀nà yẹn ò sí fún àwọn tiwọn tó wà l'Ógòjà ní Cross River. Àwa fúnra wa la máa ṣe òfin tó máa jẹ́ kí wọ́n ríṣẹ́ ṣe kí wọ́n yé dúró de oúnjẹ ọ̀fẹ́.

Baba Sọlá: Ó dáa, ará Ògòjà tó ni ilẹ̀ ńkọ́? Ta ló bi í?

Kọ́lá Mushin: Baba, Ùgáńdà ti bi tiwọn. Ogúnléndé tó lé ní mílíọ̀nù kan ló wà níbẹ̀, wọ́n ń fún wọn nílẹ̀ dáko, òfin 2006 gbà wọ́n láyè láti ṣiṣẹ́, wọ́n sì ní kí ìdá 30 nínú 100 ohun tó bá wọlé nítorí wọn lọ sọ́dọ̀ onílé, síléèwé àti ọsibítù wọn. Kì í ṣe pé wọn ò níṣòro o, owó tó ń wọlé ò tó.

Baba Sọlá: Ìdá 30 fún onílé, èmi lè fara mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ní Nàìjíríà tiwa yìí, ta ló máa ṣọ́ owó yẹn dé Ògòjà?