Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: Saddam, ebi, àti àwọn tó dáná

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Lóde òní, ẹni tí nǹkan bàjẹ́ fún la máa ń fi òwe yìí kí, pé Ọlọ́run á fi èyí tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ rọ́pò. Àdúrà dáadáa ni, èmi náà ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: nígbà tí ààfin bá jó láyé àtijọ́, ta ló ń po amọ̀? Ta ló ń wọ igbó lọ gé igi àjà, ta ló ń bẹ́ koríko tí wọ́n fi ń bo òrùlé? Ọba kọ́. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pín iṣẹ́ náà fún, baálé ilé tí òrùlé tirẹ̀ ń jò á sì fi í sílẹ̀ lọ bo ti ọba. Ẹwà tó bù sí ààfin, ara ará ìlú ni wọ́n ti bù ú.

Òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ pé àwọn òyìnbó ti fòfin de òwò orílẹ̀-èdè kan nítorí aláṣẹ agídí tó wà níbẹ̀. A ti gbọ́ ọ nípa Kúbà, a gbọ́ ọ nípa Ìráànì, a ṣì ń gbọ́ ọ nípa Rọ́ṣíà. Ti Ìráàkì ni mo fẹ́ sọ, torí pé níbẹ̀ ni wọ́n ti dè é le jù, ọ̀rọ̀ náà sì ti parí débi tí a lè ka ohun tó ṣẹ́kù nílẹ̀.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1990 ni Saddam Hussein, aláṣẹ Ìráàkì, kó ogun wọ Kuwait tó múlé tì í. Ogun ọdún mẹ́jọ tó bá Ìráànì jà ti kó gbèsè sí i lọ́rùn, Kuwait sì wà lára àwọn tó jẹ lówó. Kàkà kó bẹ olówó, ilé olówó ló gbà. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi gbé òfin 661 jáde: kí ẹnikẹ́ni má ra nǹkan lọ́wọ́ Ìráàkì mọ́, kí ẹnikẹ́ni má tà fún un, àfi oògùn, àti oúnjẹ tí àánú bá mú kí wọ́n gbà láyè. Orílẹ̀-èdè 13 ló fọwọ́ sí i. Kúbà àti Yemen nìkan ni kò dìbò. Ìlú tó jẹ́ pé epo rọ̀bì ló ń tà jẹun, tó sì ń ra bí ìdá méje nínú mẹ́wàá oúnjẹ rẹ̀ láti òkèèrè, ọ̀nà ọ̀fun gan-an ni wọ́n dì mú.

Àwọn tó dì í lọ́fun yìí kì í sì í ṣe àjèjì sí i o. Ní oṣù Kejìlá 1983, Donald Rumsfeld, tí Ààrẹ Reagan ti Amẹ́ríkà rán níṣẹ́, bọ Saddam lọ́wọ́ ní Baghdad. Nígbà tí Saddam fi gáàsì olóró pa àwọn Kurd, ẹ̀yà kan ní àríwá Ìráàkì, ní ìlú Halabja ní oṣù Kẹta 1988, òwò kò dúró. Nígbà tó kan epo Kuwait ni ojú wá là.

(Àwa náà jẹ nínú ìjà yẹn. Nígbà tí epo Ìráàkì àti ti Kuwait kúrò lọ́jà, owó epo fò sókè, ó sì wọlé fún Nàìjíríà wìtìwìtì. Ìgbìmọ̀ tí Pius Okigbo darí sọ ní 1994 pé ó lé ní bílíọ̀nù 12 dọ́là tó gba inú àwọn àpò àrà ọ̀tọ̀ kan kọjá láàárín 1988 sí 1994. Ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n fi ṣe, kó wí.)

Wọ́n lé Saddam kúrò ní Kuwait ní oṣù Kejì 1991. Òfin kò kúrò. Wọ́n ní ó di ìgbà tó bá kó ohun ìjà olóró rẹ̀ sílẹ̀; àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà sì ń sọ ọ́ ní gbangba pé níwọ̀n ìgbà tí Saddam bá ṣì wà lórí àlééfà, àwọn ò ní gbà kó kúrò. Èrò wọn ni pé bí ara bá ni ará ìlú tó, wọ́n á dojú kọ ọba wọn.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé èrò yẹn ò lè rìn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìṣọ̀tẹ̀ wà lára ọ̀rọ̀ mìíràn tí òwe ń wí. Ẹni tí kò mọ ibi tí oúnjẹ alẹ́ yóò ti wá kò ráyè ìpàdé òru. Àwọn ará Ìráàkì kúkú ti dìde rí: oṣù Kẹta 1991, ní Basra, ní Najaf, ní Karbala, àti lọ́dọ̀ àwọn Kurd lókè lọ́hùn-ún. Ìpínlẹ̀ 14 nínú 18 ló bọ́ mọ́ Saddam lọ́wọ́. Bush àgbà, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ló ti ń ké sí wọn pé kí wọ́n dìde. Ìgbà tí Saddam wá kó hẹlikọ́pítà tì wọ́n, ọmọ ogun Amẹ́ríkà wà nítòsí, wọ́n ń wò. Ọdún méjìlá ebi tó tẹ̀ lé e, kò sí irú ìdìde bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kí ló dé? Ẹ wo ilé ìtajà kékeré kan ní àdúgbò kan ní Baghdad. Láti oṣù Kẹsàn-án 1990 ni ìjọba ti fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní káàdì oúnjẹ. Ìyá á mú káàdì lọ bá aṣojú tí wọ́n yàn sí àdúgbò wọn, aṣojú á wo orúkọ nínú ìwé, á wọn ìyẹ̀fun, ìrẹsì, ṣúgà, tíì àti òróró fún un ní owó táṣẹ́rẹ́. Ètò náà gún régé. Àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàápàá gbóríyìn fún un. Ṣùgbọ́n orúkọ ta ló wà nínú ìwé, ta sì ni ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀? Nílé tí oúnjẹ ti ṣọ̀wọ́n, ẹni tó mú ìgbakọ lọ́wọ́ ni gbogbo ilé ń wò lójú, ì báà jẹ́ pé òun ló jẹ ẹran inú ọbẹ̀ tán. Àwọn Kurd tí Saddam ń lé kúrò ní Kirkuk, káàdì oúnjẹ wà lára ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó lọ. Kí òfin òyìnbó tó dé, Saddam lè fi ọlọ́pàá dẹ́rù ba èèyàn. Lẹ́yìn tó dé, ó tún lè fi ìyẹ̀fun dẹ́rù bà á.

Ẹni tó bá sì ní òun ò gba káàdì, òun á lọ sọ́jà, owó wo ló fẹ́ ná? Kí ogun tó dé, ní ìṣirò ìjọba, dínárì kan ju dọ́là mẹ́ta lọ. Nígbà tí 1995 fi ń parí lọ, bí 3,000 dínárì ni wọ́n ń ṣẹ́ sí dọ́là kan. Ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń bá wọn tẹ owó kò tẹ̀ ẹ́ mọ́, ni wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ ní Baghdad, lórí bébà yẹpẹrẹ tí àwòrán Saddam wà lára rẹ̀. Owó àtijọ́ tí ìjọba sọ ní 1993 pé kì í ṣe owó mọ́, àwọn Kurd ń ná an lọ ní tiwọn, ó sì níye lórí ju tuntun lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ní òpópónà al-Mutanabbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ní Baghdad, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń tẹ́ ìwé tí wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn kó jọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún títà. Owó oṣù olùkọ́ ò ju dọ́là díẹ̀ lọ. Ẹni tó yẹ kó jókòó kọ ẹ̀sùn ọba sílẹ̀, òun ló ń na ìwé atúmọ̀ èdè sí èrò ọ̀nà, kó lè rówó ra ẹyin. Àwọn tó rí físà ti lọ. Mo gbà pé ibí yìí gan-an ni òfin náà ti ṣọṣẹ́ jù: àwọn tí ì bá gba ìlú lọ́wọ́ Saddam ló sọ di aláìní.

Ààfin ńkọ́? Ààfin ń ga sí i ni. Ó kọ́ ọ̀kan sórí òkè àtọwọ́dá lẹ́bàá àwókù Bábílónì, abúlé tó wà níbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kó kúrò. Ó kọ́ èyí tí wọ́n ń pè ní al-Faw sáàárín adágún omi àtọwọ́dá nítòsí pápákọ̀ òfurufú Baghdad. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, 28 oṣù Kẹrin 2001, ni wọ́n ṣí mọ́sálásí ńlá Umm al-Ma'arik, níbi tí wọ́n kó Kùránì kan sí tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ Saddam fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́. Ní oṣù Kẹwàá 2002, wọ́n ní kí ará ìlú dìbò bóyá kó máa ṣe é lọ tàbí kó lọ. Wọ́n ní èèyàn 11,445,638 ló dìbò, gbogbo wọn pátá ló sì sọ pé kó máa ṣe é lọ. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì yà.

Fàyàwọ́ ló fi ń kọ́lé. Epo ń gba Tọ́kì, Jọ́dánì àti Síríà jáde, àwọn alágbára ayé sì mọ̀. Ká má sì gbè sẹ́yìn ẹnì kan: láti 1991 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ní kó máa ta epo díẹ̀ láti fi ra oúnjẹ àti oògùn lábẹ́ ìṣọ́. Saddam kọ̀, ó ní wọ́n ń fi òun wọ́lẹ̀. 1996 ló tó gbà. Ọdún márùn-ún tó fi ń ṣe agídí yẹn, ọrùn rẹ̀ lẹ̀bi rẹ̀ wà. Nígbà tó sì gbà, ó ń gba rìbá lábẹ́lẹ̀: ìwádìí tí Paul Volcker darí fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi hàn ní 2005 pé ilé iṣẹ́ tó lé ní 2,200 ló san bílíọ̀nù 1.8 dọ́là tí kò tọ́ fún ìjọba rẹ̀. Ilé iṣẹ́ orílẹ̀-èdè tó ń fòfin de òwò náà wà nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló ta kókó jù. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ tó ké lánàá ló pa ọmọ jẹ? Gbogbo ayé ló gbọ́ pé òfin náà ti pa ọmọ ìdajì mílíọ̀nù. Saddam ń to pósí kéékèèké sórí takisí káàkiri Baghdad fún àwọn oníròyìn láti yà. Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà lé Saddam kúrò ní 2003, ìwádìí tuntun fi hàn pé iye yẹn kì í ṣe òótọ́, ìjọba Saddam ló yí èsì ìwádìí. Irọ́ ni, ká pè é ní irọ́. Ṣùgbọ́n ní 1996, nígbà tí oníròyìn kan bi Madeleine Albright, aṣojú Amẹ́ríkà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, lórí tẹlifíṣọ̀n bóyá ikú ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀ tó ohun tí wọ́n ń wá, kò ní irọ́ ni. Ó ní ìpinnu tó le ni, àmọ́ ó tó bẹ́ẹ̀. Ó kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ náà nígbà tó yá. Èmi ò lè gbàgbé pé nígbà tí wọ́n ka iye náà sí i létí, kò jiyàn. Denis Halliday, tó ń darí ètò ìrànwọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Baghdad, kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1998. Hans von Sponeck tó gbapò rẹ̀ náà fi í sílẹ̀ ní 2000.

Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà òfin náà lè sọ pé ó gba ohun ìjà olóró lọ́wọ́ Saddam. Òótọ́ ni, wọ́n wá a títí lẹ́yìn 2003, wọn ò rí i. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ: ohun tí ọdún mẹ́tàlá ìyà ti bá wọn ṣe tán ni Amẹ́ríkà tún tìtorí rẹ̀ kógun lọ sí Ìráàkì ní 2003. Nígbà tí wọ́n wọ Baghdad, inú ààfin wọ̀nyẹn ni àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà kó sí. Al-Faw di ibùdó wọn. Gbèsè ìyà tí Saddam fi jẹ Kuwait kò kúrò lọ́rùn ará ìlú. Oṣù Kíní 2022 ni Ìráàkì san èyí tó kẹ́yìn nínú bílíọ̀nù 52.4 dọ́là, láti inú owó epo. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn ò tíì bí i nígbà tí wọ́n so Saddam kọ́.

Ìmọ̀ràn tèmi fún àwa tí a máa ń pàtẹ́wọ́ tí wọ́n bá ti ní wọ́n fòfin de ìlú kan ni pé ká kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò máa pín oúnjẹ lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn bá tì. Bó bá jẹ́ ọba náà ni, ẹ má pàtẹ́wọ́. Ohun tó ń dun ọba wà: owó rẹ̀ tó wà ní báǹkì òkèèrè, ilé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìbọn tó ń rà. Ìyẹn ni kì í yá wọn lára láti fọwọ́ kàn. Ìgbà tí Abacha so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ kọ́ ní 1995, wọ́n lé Nàìjíríà sẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì, àmọ́ báǹkì Switzerland ò kọ owó rẹ̀. Ó di ẹ̀yìn ikú rẹ̀ kí wọ́n tó rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là nínú rẹ̀.

Àwa náà kò sì gbọ́n jù wọ́n lọ. Nígbà tí Ọ̀gágun Tchiani gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje 2023, ECOWAS ti ibodè pa, Nàìjíríà já iná mànàmáná tí Niger ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù tò lọ rẹrẹẹrẹ ní Malanville, ní ẹ̀gbẹ́ Benin, tí ojúlówó ọjà ń bàjẹ́ nínú wọn. Oṣù Kejì 2024 ni ECOWAS gbé òfin náà kúrò láìrí ohun tí wọ́n ń wá gbà. Ní oṣù Kẹta 2025, wọ́n búra fún Tchiani gẹ́gẹ́ bí ààrẹ, ọdún márùn-ún. Benin ti ṣí ibodè tirẹ̀ nígbà náà. Tchiani ló kọ̀ tí kò ṣí ti Gaya, ó ní nítorí ààbò ìlú ni. Afárá wà lórí Odò Ọya níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni èrò fi ń sọdá.