Ta ló ní tó o bá ti pé ọgbọ̀n ọdún, o ti bọ́ lọ́wọ́ NYSC, ìyẹn sìnrú ìlú ọlọ́dún kan tí àwọn tó gboyè ń ṣe?

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí, lẹ́nu àbúrò kan tó ń ya fọ́tò: "Ẹ̀gbọ́n, oṣù mẹ́fà péré ló kù kí n pé ọgbọ̀n. Ẹ jẹ́ n ṣe sùúrù, wọ́n á fún mi ní ìwé ìdásílẹ̀." Ó ti jáde ní yunifásítì láti 2021. Mo ní, àbúrò mi, ìwé yẹn ò ní tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kódà kó o pé àádọ́ta.

Òfin NYSC ò bi ẹnikẹ́ni léèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni lónìí. Apá kejì rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún lọ́jọ́ tó gboyè ni wọn ò ní pè. Ọjọ́ tó gboyè! Ẹni tí wọ́n bí ní oṣù kọkànlá 1992, tó gboyè ní oṣù keje 2022, ọmọ ọdún 29 ni lọ́jọ́ náà. Ì báà fi ogún ọdún sá pamọ́, sìnrú ìlú ṣì ń dúró dè é. Ẹni tí wọ́n bí ní 1989, tí ìyanṣẹ́lódì dá dúró títí tó fi gboyè ní 2021, òun ló ni ìwé ìdásílẹ̀.

Àwọn míì rò pé ìyọ̀ǹda ara ẹni ni, ẹni tó bá wù ló ń lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rí. Òfin ológun ni Gowon fi gbé e kalẹ̀ ní 22 oṣù karùn-ún 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, kí ọmọ Ìbàdàn lè lọ gbé Sókótó, kí ọmọ Enugu náà mọ Abẹ́òkúta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà yẹn gan-an fárígá. Òfin 1993 ló rọ́pò rẹ̀, òun la ṣì ń lò: ẹni tó bá kọ̀ láti sìn, ìtanràn ₦2,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjìlá, tàbí méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, owó yẹn ò gbé èèyàn láti Ìbàdàn dé Èkó mọ́. Ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ ló ti máa ń dunni, torí apá kejìlá pa á láṣẹ fún un pé kó gba ìwé ẹ̀rí NYSC lọ́wọ́ rẹ kó tó gbà ọ́ síṣẹ́.

Àbúrò mi wá bi mí bóyá wọn ò ní lé òun tóun bá lọ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Wọn ò ní lé ọ. Kọ́kọ́ padà sí iléèwé rẹ, kó o wádìí bóyá orúkọ rẹ wà nínú èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí NYSC, kó o sì yẹ ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ síbẹ̀ wò dáadáa.